Ẹni Tó Di Okùn Mú

Fọ́tò 63 ló wà lórí fóònù mi láti ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2024, tí a kó àwọn ọmọ lọ gun ẹṣin ní Agodi Gardens, n'Íbàdàn. Fóònù kì í gbàgbé aago. Ó kọ ọ́ sí ìdí fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Òun ni mo fi to ọjọ́ náà padà bí ẹni ń sin ìlẹ̀kẹ̀. Ibi tí fóònù ò dé, mo bi Màmá, ìyá ọkọ mi. Ibi tí Màmá ti sùn lọ, mo bi àwọn ọmọ.

Aago 7:40 àárọ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti gun apá àga pálọ̀, ó fi gèlè mi ṣe ìjánu. Láti ìgbà tí àwòrán Ojúde Ọba ti oṣù Kẹfà ọdún náà ti gba orí fóònù káàkiri, tí Farooq Oreagba jókòó sórí ẹṣin pẹ̀lú sìgá àti dígí dúdú, lọmọ yìí ti ń bi wá ìgbà tí òun náà máa gun tòun. Bàbá rẹ̀ ṣàlàyé títí pé Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn, pé àwọn ìdílé balógun ló ń gun ẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Ó ní ṣé kò sí balógun nílé tiwa ni.

Aago 9:05. Inú ọkọ̀ Máíkírà. A há mọ́ra láti Bódìjà dé Sẹkitéríàtì, ọmọkùnrin mi sì gbé akoto tó fi ń gun kẹ̀kẹ́ lé orúnkún. Èmi ni mo ní kó mú un. Ojú ń tì í.

Aago 9:31. Ẹnu ọ̀nà ọgbà. Màmá dúró, kò tíì fẹ́ wọlé. Ó mọ ibẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọgbà ẹranko tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn, ó sì gba inú ọgbà yìí kọjá, ó gbá tẹranko tigi lọ. Ìjọba Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi ló tún ibẹ̀ ṣe, tí wọ́n ṣí i padà ní 2014. "Adágún tí ẹ ń wò yẹn," Màmá wí, "Ògùnpa náà ni. Ó kàn jókòó jẹ́ẹ́ ni." Ọmọ mi obìnrin bi í bóyá omi gbé ẹṣin lọ. Màmá ò dá a lóhùn.

Aago 10:10. A rí ẹṣin. Ó pọ́n bí ẹ̀kúrọ́, àmì funfun kan wà níwájú orí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ sálúbàtà rọ́bà di okùn rẹ̀ mú.

"Ábókì, èló ni?" Ọkọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Màmá yíjú sí i. "Ta ló ń jẹ́ Ábókì?" Ó wá fi èdè Hausa kí ọmọkùnrin náà: "Sannu da aiki." Ogún ọdún ni Màmá fi ta obì ní Sábó, àdúgbò tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa n'Íbàdàn láti 1916. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dá a lóhùn pẹ̀lú Yorùbá Ìbàdàn tó já gaara ju tọkọ mi tó wá láti Èkìtì lọ: "Ẹ kú àárọ̀ o, Màmá. Sábó níbí ni wọ́n bí mi sí." Màmá bi í lórúkọ, orúkọ yẹn ló sì ń pè é títí a fi lọ. N kò ní kọ ọ́ síbí, torí n kò gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Olókùn.

Aago 10:25. Ó ń di ẹṣin ní gàárì. Ó fa ọ̀já abẹ́ ikùn rẹ̀ le, ó mú un rìn díẹ̀, ó tún padà fà á le sí i. Mo bi í ìdí rẹ̀. Ó ní tí ẹṣin bá ti rí ọ̀já, ńṣe ló máa ń wú ikùn; téèyàn bá gbà á gbọ́, gàárì á yí sábẹ́ níbi tọ́mọ ti ń rẹ́rìn-ín lókè. "Ẹlẹ́tàn ni," ló wí, ó sì fọwọ́ pa á lọ́rùn bí ẹni ń yin ọmọ.

Aago 10:32. Ó ní ká má gba ẹ̀yìn ẹṣin kọjá, torí ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, kò lè rí ẹni tó wà níbi ìrù, ohun tí kò bá sì rí ló máa ń ta nípàá. Ọwọ́ òsì la ti ń gùn ún. Ọmọ mi obìnrin gòkè, gbogbo ẹnu tó ti ń yá láti oṣù Kẹfà pa rẹ́. Ó di iwájú gàárì mú bí ẹni di ìlẹ̀kùn mú nínú ìjì. Olókùn kò sọ pé kó má bẹ̀rù. Ó ní kó máa wo etí ẹṣin: tó bá nà síwájú, ó ń wo ohun kan, tó bá rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ara rẹ̀ balẹ̀, tó bá dì mọ́ orí sẹ́yìn, kó pe òun. Iṣẹ́ ti dé fún ọmọ. Kí wọ́n tó yí igi àkọ́kọ́ ló ti ń kéde bí etí ṣe ń ṣe.

Mo ya fọ́tò 14 láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn. Nígbà tí mo tún wò wọ́n, ìgbọ̀nwọ́ Olókùn wà nínú mẹ́rin, sálúbàtà rẹ̀ wà nínú méjì. Ojú rẹ̀ ò sí nínú ẹyọ kan.

Aago 11:02. Ọmọkùnrin mi kò fẹ́ dé akoto. "Kò sákoto, kò sẹ́ṣin," Olókùn wí. Ọmọ náà dé e. Nígbà tó dé òkè, ó pàṣẹ pé kí ẹṣin sáré. Olókùn ní ìrìn ni bàbá rẹ̀ san owó rẹ̀. Ìgbà tí yípo kan parí, kò fẹ́ sọ̀ mọ́, Màmá bá rán an létí pé ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.

Aago 11:20. Ọkọ mi ń ká sòkòtò. Olókùn wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ẹ máa bá wọn ya fọ́tò." Kò rí i fín. Àwọn tó mọ ẹṣin sọ pé ẹrù tó bá ti ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ máa ń ni ín lára, ẹṣin yẹn ò sì sanra. Ọkọ mi ká sòkòtò rẹ̀ sílẹ̀.

Aago 12:50. Oòrùn kan àtàrí. Àwọn tó ń dúró de ẹṣin ń kùn, Olókùn kò dá wọn lóhùn. Ó tú gàárì lábẹ́ igi kan, ó gbé korobá omi méjì wá lẹ́yìn ara wọn, ó da dúsà, ìyẹn èèrí ọkà, sínú abọ́. Òógùn ti mú kí àyà ẹṣin dúdú. Ẹṣin wà lára ẹranko díẹ̀ tó ń làágùn bíi tèèyàn, odindi korobá ńlá ló sì ń mu lóòjọ́ kódà nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́.

Abẹ́ igi yẹn ni mo ti ronú sí okùn ọwọ́ Olókùn. Ilẹ̀ wa ò rọ ẹṣin lọ́rùn rí. Ẹṣinṣin tó ń gbé àìsàn oorun kiri ò jẹ́ kó pẹ́ láyé nínú igbó. Ọ̀yọ́-Ilé tó wà ní pápá lè sìn ín, àmọ́ apá àríwá ni wọ́n ti ń rà á. Nígbà tí Ìbàdàn sì ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin l'Óṣogbo ní nǹkan bí 1840, igbó bá àwọn ẹlẹ́ṣin náà jà níbẹ̀, torí kò gba eré ẹṣin. Ohun tó wọ́n báyìí, èèyàn gidi ni wọ́n ń fi ṣọ́ ọ. Oyè ni láàfin Ọ̀yọ́: Olókùn-Ẹṣin. Láyé àtijọ́, ẹni tó jẹ ẹ́ wà lára àwọn tó máa ń bá ọba lọ bí ọba bá wàjà. Ìtàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe eré Ọba Wàjà. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà la bá l'Ágodi tí a pè ní Ábókì. Mo sọ èyí fún ọkọ mi. Ó ní òun ti gbọ́, kí n jẹ́ ká lọ jẹun.

Láti aago 1:30 sí 4, oúnjẹ ni, omi ni, ẹkún lórí áísìkiríìmù tó jábọ́ ni. Màmá sùn.

Aago 4:15. Yípo kejì. Ọmọ mi obìnrin ti di ògbólógbòó, kò di gàárì mú mọ́. Ó ń ka ìṣísẹ̀. Ti ẹṣin ló kọ́kọ́ ń kà, ẹsẹ̀ mẹ́rin dà á láàmú, ló bá yí sí ti Olókùn. Ó ka ọgọ́rùn-ún nígbà mẹ́rin kí wọ́n tó padà síbi tí mo dúró sí.

Aago 5:20. Olókùn jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí. Ó da òkúta wẹ́wẹ́ jáde nínú àpò ọ̀tún, ó ń tò wọ́n sílẹ̀. Ẹni kan gun ẹṣin, òkúta kan kúrò ní àpò òsì bọ́ sí ọ̀tún. Bó ṣe ń ṣírò fún ẹni tó ni ẹṣin nìyẹn, bí awakọ̀ ṣe ń jábọ̀ fún ọlọ́kọ̀. Ó pé 41. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ sórí fóònù: ìṣísẹ̀ 16,400, láìka pé ó rìn wá láàárọ̀. Màmá tú ìdí aṣọ, ó yọ owó fún un, ó sì fi obì méjì lé e. Obì ló kọ́kọ́ gbé sẹ́nu.

Aago 5:51. Fọ́tò ìkẹyìn. Ọmọkùnrin mi ló yà á láti ojú fèrèsé Máíkírà. Ẹṣin náà ń rìn létí títì, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Gàárì wà lórí Olókùn. "Kí ló dé tí ò gùn ún lọ sílé?" ọmọ náà bi wá. Ọkọ̀ ti yà kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn. Fọ́tò náà ò mọ́lẹ̀ dáadáa, àmọ́ téèyàn bá fà á tóbi, ojú Olókùn hàn nínú rẹ̀, okùn sì rọ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.