Abúlé Trocnov àti Jan Žižka tí ó ni Oko níbẹ̀

Ní ọdún yìí a fẹ́ yà díẹ̀ kúrò nínú ìtàn àwọn baba ńlá wa, kí a lọ sí ilẹ̀ àwọn Czech ní àárín Yúróòpù, nítorí ọ̀ràn ilẹ̀ títà tí a ń bá ara wa sọ ní ìpàdé kì í ṣe tiwa nìkan.

Trocnov wà ní gúúsù Bohemia, kò jìnnà sí ìlú České Budějovice. Abúlé lásán ni. Ní ohun tí ó lé ní 600 ọdún sẹ́yìn, ọlọ́lá kan tí ń jẹ́ Jan Žižka ní ilẹ̀ níbẹ̀. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ààfin ni ọlọ́lá yìí ń gbé o. Ìpìlẹ̀ tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú jáde níbẹ̀ jẹ́ ti ilé oko.

Ìwé kan ti ọdún 1378 dárúkọ Jan tí à ń pè ní Žižka, ará Trocnov. Ọ̀pọ̀ òpìtàn sì gbà pé òun náà ni. Ní 1384, ó ta oko kan tí ó jẹ́ ti Kateřina aya rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀ràn ilẹ̀ wà lára ohun tí ó gbé orúkọ akọni yìí wọ inú ìwé, kì í ṣe ogun nìkan.

Àwọn ìdílé Rožmberk ni alágbára gúúsù Bohemia nígbà náà. Bí ilẹ̀ tiwọn ti ń gbòòrò, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ àwọn ọlọ́lá kéékèèké ń rọ. Žižka bá Jindřich ti Rožmberk àti àwọn ará Budějovice ṣe ọ̀tá, ó sì bá àwọn adigunjalè ojú ọ̀nà rìn. A kò ní fi aṣọ bo èyí nítorí pé ó di akọni lẹ́yìn náà. Ní 1409 ni Ọba Václav Kẹrin dárí jì í.

Ní 1415 wọ́n dáná sun oníwàásù Jan Hus ní Constance, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sì dìde. Ojú kan péré ni Žižka ní nígbà tí ó di balógun wọn. Ní Sudoměř ní oṣù kẹta 1420, àwọn bí 400 ni ó kó lẹ́yìn, tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ṣe odi, wọ́n sì dá àwọn ẹlẹ́ṣin tí ó pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì padà. Igi tí àgbẹ̀ fi ń pa ọkà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun rẹ̀ fi ń jà. Ní oṣù keje ọdún kan náà, ó ṣẹ́gun ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ọba Sigismund lórí òkè Vítkov lẹ́bàá Prague. Ní 1421 ọfà bà á ní ojú kejì níwájú ilé olódi Rábí. Afọ́jú ni ó fi ṣe balógun títí àjàkálẹ̀ àrùn fi pa á nítòsí Přibyslav ní oṣù kẹwàá 1424. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sọ ara wọn ní Ọmọ Òrukàn.

Ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀, kò pe ara rẹ̀ ní ará Trocnov mọ́. Ará Kalich ni ó ń jẹ́, ìyẹn ife oúnjẹ Olúwa tí wọ́n ń jà fún, èyí tí ó fi sọ ilé olódi rẹ̀ tuntun lórúkọ. Ṣùgbọ́n Trocnov ni wọ́n kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí, tí wọ́n sì gbé ère òkúta rẹ̀ kalẹ̀ ní 1960, nítòsí ìpìlẹ̀ ilé oko náà.