Láti Orí Bọ́lẹ̀kájà dé Orí Mólúè: Ìtàn Fífa Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Akẹ́rù Gùn ní Ilẹ̀ Yorùbá

1. Ìfáárà

Nígbà tí wọ́n bá ń kọ ìtàn òwò àti ìrìnnà ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ojú irin, ojú ọ̀nà àti kòkó ni ó sábà máa ń gba iwájú. Ní ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n a máa mẹ́nu bà á bí ohun tí ó ti òkè òkun dé, tí ọmọ ilẹ̀ yìí kàn fi owó rà, tí ó sì ń wà. Èrò yìí kò pé tó. Iwájú ọkọ̀ ni ó ti òkè òkun dé, èyíinì ni ẹ̀ńjìnnì, sítíárì, táyà àti irin gbọọrọ méjì tí gbogbo wọn jókòó lé, tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń pè ní ṣáásì. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ẹrù àti èrò ń wọ̀, ọwọ́ káfíńtà ọmọ ilẹ̀ yìí ni ó ti jáde.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú ju pákó àti ìṣó lọ. Àfojúsùn iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé fífa ẹ̀yìn ọkọ̀ gùn kọjá ibi tí ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ fi í sí kì í ṣe ìwà ojúkòkòrò dẹ́rẹ́bà nìkan, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń sọ. Ìpinnu ọrọ̀-ajé ni, tí olówó ọkọ̀, oníṣòwò, káfíńtà àti ìjọba jọ ní ọwọ́ nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó jókòó sínú ọkọ̀ náà ni wọ́n sábà máa ń san gbèsè ibẹ̀.

2. Ọ̀nà, ẹrù àti ọkọ̀ ṣáájú ọdún 1931

Ọdún 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, nígbà tí ó sì fi di ọdún 1901, ọkọ̀ ojú irin ti ń dé Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kì í wọ oko. Orí ni àwọn alárù fi ń ru ekùrọ́, epo àti kòkó láti abúlé dé ibùdókọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1906 ni ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ di lílò, ibẹ̀ sì ni ìgbà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́ ní àárín ilẹ̀ Yorùbá.

Lẹ́yìn ogun ọdún 1914 sí 1918 ni lọ́rì kéékèèké ti Amẹ́ríkà, pàápàá Ford àti Chevrolet, wá pọ̀ sí i. Ní Èkó, William Akinola Dawodu wà lára àwọn aṣíwájú nínú títà àti títún ọkọ̀ ṣe. Ní Ìbàdàn, Sàlámì Àgbájé wà lára àwọn olówó tí wọ́n fi lọ́rì ṣòwò. Tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ṣe lọ́rì Ford TT, tí ó jáde ní ọdún 1917, fún. Àpò kòkó 16 ni ó ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, nítorí pé àpò kọ̀ọ̀kan wọn pọ́n-ùn 140. Oníṣòwò tí ó bá ní àpò 20 nílẹ̀ yóò san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ó wá ọ̀nà tí àpò mẹ́rin tí ó ṣẹ́ kù yóò fi wọlé. Inú àpò mẹ́rin yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìfàgùn ti bẹ̀rẹ̀.

3. Ẹ̀yìn onípákó

Ní ọdún 1931 ni iléeṣẹ́ Vauxhall ní Luton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́rì tí wọ́n pè ní Bedford. Kò pẹ́ tí orúkọ yìí fi di ti gbogbo ilé ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún ìtàn yìí ni pé ṣáásì ṣófoṣófo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ́ nígbà tí ẹni tí ó rà wọ́n bá gbà wọ́n. Ọ̀dọ̀ káfíńtà ni ó ń wà á lọ tààrà.

Káfíńtà ọkọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ káfíńtà tí ń kan àga. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó sìn ín fún ọdún púpọ̀, ó sì gba ìyọ̀ǹda kí ó tó dá ìsọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ igi: ó mọ̀ pé ìrókò kì í tètè jẹrà, òjò kì í sì í tètè bà á jẹ́; ó mọ̀ pé òpèpè le tó láti ṣe ilẹ̀ tí àpò àti àgbá epo yóò máa wọ́ lé lórí. Igi ńláńlá méjì ni ó kọ́kọ́ ń tẹ́ lé orí irin ṣáásì, tí ó sì fi irin dè wọ́n mọ́ ọn. Ó fi àwọn mìíràn dábùú wọn, ó kan pákó lé e, ó gbé òpó dúró, ó sì fi òrùlé bò ó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a máa ṣí sílẹ̀, tapólì ni wọ́n ń já bọ ibẹ̀ nígbà òjò. Pákó gbọọrọ ni àwọn èrò ń jókòó lé.

Bọ́lẹ̀kájà ni wọ́n sọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ìjà àwọn ọmọ ọkọ̀ tí wọ́n ń du èrò ní gáréèjì ni ó bí orúkọ náà. Àwọn mìíràn ní bí èrò ṣe ń fún mọ́ra wọn, tí wọ́n sì ń forí gbárí nínú rẹ̀ ni. Èyí ó wù kí ó jẹ́, àyè tí kò tó ni àlàyé méjèèjì ń tọ́ka sí.

Nínú irú ọkọ̀ yìí, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà fa àyè gùn. Èkíní ni kí igi ìsàlẹ̀ gùn ju irin ṣáásì lọ, kí ẹ̀yìn ọkọ̀ lè yọ síta kọjá ibi tí irin parí sí. Èkejì ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí wọ́n fi ṣéènì so ní igun méjèèjì: bí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú, ó di àfikún ilẹ̀ tí wọ́n lè to ẹrù lé. Ẹ̀kẹta ni orí òrùlé. Ní ti ọ̀nà kìíní, ìpinnu tí kò ṣeé yí padà ni. Káfíńtà gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ olówó ọkọ̀ kí ó tó gé igi àkọ́kọ́.

4. Ìṣirò olówó àti ìṣirò irin

Ó yẹ kí á yẹ ìdí tí olówó ọkọ̀ fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì sí i wò. Ọ̀pọ̀ lọ́rì ni wọ́n rà ní ọ̀nà àsandíẹ̀díẹ̀: wọ́n san apá kan sílẹ̀, wọ́n sì ń mú ìyókù wá lóṣooṣù. Bí oṣù bá pé tí owó kò pé, ẹni tí ó ta ọkọ̀ lè gbà á padà. Owó epo, owó táyà àti owó dẹ́rẹ́bà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ bóyá àpò 80 ni ó wà lẹ́yìn tàbí 90. Nítorí náà, èrè gidi wà nínú àpò mẹ́wàá tí ó kẹ́yìn. Ẹni tí ó fa ọkọ̀ rẹ̀ gùn lè dín owó ẹrù kù fún oníṣòwò, kí ó sì tún jèrè. Ẹni tí kò fà á gùn yóò máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gba oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdíje yìí ni ó sọ ìfàgùn di àṣà.

Ṣùgbọ́n irin náà ní ìṣirò tirẹ̀. Kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Bí ẹsẹ̀ bàtà 12 bá wà láàárín táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn, tí wọ́n sì to àpò kòkó 16, èyíinì ni tọ́ọ̀nù kan, sí ibi tí ó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kọjá táyà ẹ̀yìn, ẹrù náà yóò di òṣùwọ̀n tí ń gbé iwájú sókè. Kì í ṣe tọ́ọ̀nù kan ni táyà ẹ̀yìn yóò gbé mọ́, bí kò ṣe tọ́ọ̀nù kan àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìdá kan nínú mẹ́ta yìí, ara iwájú ni ó ti kúrò. Táyà iwájú sì ni sítíárì ń darí. Bí ọkọ̀ bá wá ń gun òkè, bí irú èyí tí ó wà ní Èfọ̀n Aláayè, iwájú yóò tún fúyẹ́ sí i. Dẹ́rẹ́bà lè yí sítíárì kí ọkọ̀ má dáhùn.

Yóò jẹ́ àṣìṣe láti sọ pé àwọn káfíńtà kò mọ nǹkan kan nípa èyí. Fífi ewé kún sípíríǹgì ẹ̀yìn jẹ́ àṣà tí ó wọ́pọ̀, ó sì fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yìn ti wúwo jù. Ṣùgbọ́n ewé sípíríǹgì ń gba ẹ̀yìn lọ́wọ́ wíwó lásán ni; kò lè dá ìwọ̀n iwájú padà, kò sì fi agbára kún búréèkì. Ìmọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ wá láti inú ohun tí ojú rí. Igi tí ó ṣẹ́ a máa padà sọ́dọ̀ káfíńtà, yóò sì kọ́ ọgbọ́n nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí kò dáhùn sítíárì kì í sábà padà sí ìsọ̀, bẹ́ẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà tí ì bá ṣàlàyé lè má sí láyé mọ́. Àbùkù ibẹ̀ wá rọrùn láti kà sí ti dẹ́rẹ́bà tàbí ti àwọn aráyé.

5. Irin rọ́pò pákó

Ìlú Èkó ni ipele kejì ìtàn yìí ti gbilẹ̀. Ní ọdún 1958 ni Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó gba iṣẹ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Zarpas. Ṣùgbọ́n bí owó epo rọ̀bì ṣe ń mú ènìyàn wọ Èkó ní àwọn ọdún 1970, bọ́ọ̀sì ìjọba kò tó nǹkan mọ́. Àwọn onímọ́tò aládàáni ni wọ́n dí àlàfo náà. Wọ́n ra ṣáásì lọ́rì, pàápàá Mercedes-Benz 911, wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn wẹ́dà àti páńẹ́bítà. Ohun tí wọ́n ṣe fún ẹrù di ohun tí ń kó èrò. Èyí ni mólúè. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé inú lílù tí wọ́n ń lu irin rẹ̀ mọ́ra ni orúkọ náà ti jáde.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín pákó àti irin. Igi tí ó gùn ju ṣáásì lọ ní ààlà, nítorí pé ìwọ̀n tirẹ̀ náà yóò ṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n iná wẹ́dà lè gé ṣáásì fúnra rẹ̀, kí ó sì fi irin mìíràn tọ́ ọ gùn. Irin tí iná bá ti kọjá lára rẹ̀ kì í le bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́ ní ibi ojú àpá náà bí ẹni tí ó jó o kò bá ṣọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà a sì máa bò ó mọ́lẹ̀. Ewu tí ó ń hàn sójú nínú bọ́lẹ̀kájà di ohun tí ojú kò rí nínú mólúè.

Ìyípadà mìíràn dé ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ tí èrò ń gba ẹ̀yìn wọ̀ kò ní ìyọnu púpọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì yóò máa já èrò sí àárín títì. Iṣẹ́ tuntun wọlé fún àwọn oníṣẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀: òfin tí ìjọba ṣe, ọwọ́ wọn ni ó ti di ohun tí ó ṣeé gbé.

6. Ìjọba àti òṣùwọ̀n

Ìjọba amúnisìn kò fi gbogbo ọkàn fẹ́ lọ́rì, nítorí pé ní àwọn ọdún 1930 ó ti ń bá ọkọ̀ ojú irin ìjọba du ẹrù. Síbẹ̀ kò lè ṣe é láìsí i. Nígbà tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó sílẹ̀ ní ọdún 1947, lọ́rì aládàáni ni ó ń kó kòkó náà jáde láti ìgbèríko. Bí wọ́n bá tẹ òfin ìwọ̀n mọ́lẹ̀ gírígírí, owó ọkọ̀ yóò gòkè, kòkó yóò sì pẹ́ nínú oko. Nítorí náà, kíkọ ìwọ̀n ẹrù àti iye èrò sí ara ọkọ̀ di àṣà tí wọ́n ń tẹ̀ lé pẹ̀lú ọ̀dà. Ní ẹ̀gbẹ́ iye tí a kọ sílẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àdúrà tàbí òwe tí akọ̀wé ọkọ̀ kùn gàdàgbà ni gbogbo ènìyàn ń kà.

Ọdún 1978 ni ọ̀nà máròsẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí. Eré tí ọ̀nà àtijọ́ kò gbà, ọ̀nà tuntun gbà á. Àbùkù tí kò hàn nínú ìrìn jẹ́jẹ́ sì hàn nínú eré. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ọdún 1977, Wọlé Ṣóyínká sì kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀, ẹni tí eré onítàn rẹ̀ lórí ayé àwọn dẹ́rẹ́bà, The Road, ti jáde ní ọdún 1965. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1988, òun náà ni alága àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà ni ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń bá pàdé lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó pinnu bí ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò ṣe gùn tó ti wà nílé, ìpinnu náà sì ti pẹ́ ju ìrìn-àjò ọjọ́ náà lọ.

7. Ìkádìí

Bí bọ́ọ̀sì tuntun tí ó ní ọ̀nà tirẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2008, ipò mólúè bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀. Bọ́lẹ̀kájà ti ṣáájú rẹ̀ di ohun ìtàn. Ó rọrùn láti fi àwọn méjèèjì ṣe yẹ̀yẹ́, kí á sì gbàgbé pé wọ́n ni wọ́n gbé kòkó tí owó rẹ̀ kọ́ iléèwé, tí wọ́n sì gbé òṣìṣẹ́ dé ibi iṣẹ́ nígbà tí ìjọba kò ní ohun tí yóò fi gbé wọn.

Àṣejù, baba àṣetẹ́, ni òwe tí wọ́n máa ń pa fún dẹ́rẹ́bà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá dànù. Ìtàn tí ó wà lókè yìí fi hàn pé àṣejù náà kò bẹ̀rẹ̀ lórí títì. Ó ti wà nínú ìwé àdéhùn ẹni tí ó ta ọkọ̀, nínú iye tí oníṣòwò fẹ́ san, nínú igi tí káfíńtà wọ̀n, àti nínú òfin tí ìjọba kọ tí kò sì fẹ́ kí ó le. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ikú fi pọ̀ lójú ọ̀nà ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ padà sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ṣe ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ó sì béèrè ẹni tí ó ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà méjì kún un, àti ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí i bí kò bá ní kí wọ́n fi kún un.