Orúkọ Nàìjíríà Lára Spitfire

Iṣẹ́ pẹ́ńtà mọ́tò ni mo fi tọ́ ọmọ ní Ọgbà, láàárín Ìkẹjà àti Agége, kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ní báyìí tí mo ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi, bàálù oníke ni mò ń tò. Ẹni tó bá yà sílé máa ń rò pé ohun ìṣeré ọmọ-ọmọ mi ni. Èyí tó wà lórí tábìlì mi báyìí, Spitfire Vb ni, bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú wọn, 91 (Nigeria) Squadron, gbé jagun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Kì í ṣe pé ọmọ wa ló kún inú ẹgbẹ́ náà. Owó wa ló gba orúkọ. Ní 1940, Lord Beaverbrook, mínísítà tó ń bójú tó ṣíṣe bàálù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní £5,000 ni iye Spitfire kan fún ẹni tó bá fẹ́ dáwó rà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó ń ná wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ń wọlé láti gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Nígbà tí ti Nàìjíríà dé, odidi ẹgbẹ́ ni wọ́n fi sọrí wa, bí wọ́n ṣe fi ẹgbẹ́ 249 sọrí Gold Coast, Gánà òde òní. Àsìkò ogun yẹn kan náà sì ni Pullen, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn tó ń bójú tó oúnjẹ, ń dá iye lé gàrí l'Ékòó, tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń ṣépè fún un, tí ọjà gbówó lórí títí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti ìjọba fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 1945. Ẹni tí kò yó ló dá owó bàálù.

Hawkinge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, létí òkun tó kọjú sí ilẹ̀ Faransé, ni ẹgbẹ́ 91 ń gbé. Wọn a máa fò jáde láti wo ọkọ̀ ọ̀tá tó wà lójú omi. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1942, ọ̀gá wọn, Bobby Oxspring, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí ọkọ̀ ogun Jámánì, Scharnhorst àti Gneisenau, tí wọ́n ń sá kọjá. Wọ́n kọjá náà ni, nítorí àwọn ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì kò tètè dìde.

Nílé níbí náà, ogun ọ̀hún ló bí pápá bàálù Ìkẹjà. Láti 1940 ni wọ́n ti ń já bàálù inú àpótí sílẹ̀ ní Takoradi ní Gold Coast. Wọ́n á tò wọ́n, wọ́n á gbé wọn gba Èkó, Kánò àti Maiduguri, títí dé Khartoum àti Íjíbítì, nǹkan bíi máìlì 3,700. Bàálù tó ju 5,000 lọ ló gba ọ̀nà náà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí iṣẹ́ mi. Láti etí ìyẹ́ kan dé èkejì, kò ju sẹ̀ǹtímítà 23 lọ. Àwọ̀ ewé tó ṣú àti àwọ̀ eérú ló wà lókè, eérú tó mọ́lẹ̀ wà nísàlẹ̀. Àmọ́ imú rẹ̀, ìgbànú tó yí ìdí rẹ̀ ká àti lẹ́tà ara rẹ̀ ní àwọ̀ kan tó dà bí èèpo ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Èyí ló fún mi níṣẹ́. Funfun ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀, mo kán yẹ́lò àti búlúù sí i, mo ń fi tínà ṣàn án. Lẹ́tà ẹgbẹ́ mìíràn ló wà nínú páálí tí ọmọ mi rà ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà mo fi abẹ gé DL, àmì ẹgbẹ́ 91, sára tépù, mo sì fọ́n ọ̀dà sí i bí a ṣe ń kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sára lọ́rì láyé ìgbà tí Ìkẹjà ń gbóná. Èédú tí mo lọ̀ kúnná ni mo fi ṣe èéfín ẹ́ńjìnnì.

Ní 1944, ẹgbẹ́ 91 yìnbọn já V-1, bọ́ǹbù Jámánì tó ń fò fúnra rẹ̀, tó lé ní 180. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 1947, wọ́n yí nọ́ńbà wọn sí 92, ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ East India. Ibẹ̀ ni orúkọ wa ti kúrò. Bí àgbà kan nílé yín bá ṣì rántí owó ogun yẹn, ẹ bi í léèrè ẹni tó wá gbà á àti iye tó san, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.