Ọwọ́ Tó Ń Yan Ohùn: Láti Kásẹ́ẹ̀tì dé Fóònù ní Ìlọrin

Ìlú wáàsí àti wákà ni Ìlọrin, ìlú dadakúàdà sì ni pẹ̀lú. Ilé tí wáàsí Shaikh Kamaldeen al-Adabiy wà lè ní ohùn Odòlayé Àrẹ̀mú tàbí ti Jáígbadé Àlàó, àwọn olórin dadakúàdà. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè jọ gbé láìdí ara wọn lọ́wọ́ ni pé onílé ló ń pinnu èyí tó máa dún àti ìgbà tó máa dún. Èrò mi ni pé ìpinnu yẹn ni ẹ̀rọ ìgbàlódé gbà mọ́ wa lọ́wọ́, ó sì tọ́ kí a gbà á padà.

Kásẹ́ẹ̀tì tí Philips gbé jáde ní 1963 ló fún olùgbọ́ lásán ní agbára yìí. Ilé-iṣẹ́ ló ń tẹ àwo rẹ́kọ́dù, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ṣeé gba ohùn sí nílé. Kásẹ́ẹ̀tì C-60 kò gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ lójú kan, nítorí náà ẹni tó fẹ́ gba wáàsí gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń fẹ́ àti ohun tó máa fi sílẹ̀. Yóò fi bírò kọ orúkọ wáàsí náà sára bébà pélébé tó wà lára kásẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá sì fẹ́ dáàbò bò ó, yóò ṣẹ́ etí kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ kò ní gbà kí wọ́n gba ohùn mìíràn lé e, àfi tí wọ́n bá fi nǹkan dí ihò tí etí náà fi sílẹ̀. Kò sí ohùn kan tó lè wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn tẹ bọ́tìnnì.

Mẹ́mórì káàdì yí èyí padà. Káàdì kékeré gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún orin, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà kó orin tà sì lè da odindi fódà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ṣì kéré. Áńdíróìdì fúnra rẹ̀ máa ń yẹ gbogbo fódà wò, yóò sì kó ohùn tó bá bá níbẹ̀ sínú àkójọ kan ṣoṣo: wáàsí, dadakúàdà, àti ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń gbọ́ wáàsí nínú Ramadan ṣe lè ṣàdédé gbọ́ ìlù.

Fódà tí a kó ohùn kọ̀ọ̀kan sí ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn kan á ní kò sí ohun tó kan fódà, pé orúkọ olórin tó wà nínú fáìlì tó láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìbá rí bẹ́ẹ̀ ká ní orúkọ náà pé. ID3 àkọ́kọ́, ìlànà tí a fi ń kọ orúkọ olórin àti àkọlé sínú fáìlì orin, tó jáde ní 1996, kò fún àkọlé orin ju lẹ́tà 30 lọ, ohùn tí a sì dà kọ láti inú kásẹ́ẹ̀tì kì í ní orúkọ kankan nínú. Nígbà tí Christopher Kirkley, ará Amẹ́ríkà, kó orin jọ láti inú fóònù àwọn ará Kidal ní Mali, ó ní láti wá àwọn olórin náà kiri. Fódà nìkan ni ó kù tó lè sọ ibi tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti wá.

Àwọn mìíràn á ní ìkójọ aládàáṣe ń ran àgbàlagbà lọ́wọ́, nítorí kò ní láti wá fáìlì kiri. Òótọ́ pọ̀ níbẹ̀, n kò sì sọ pé kí a pa á rẹ́. Àmọ́ ìrànlọ́wọ́ tí kò béèrè ohun tí àgbàlagbà náà fẹ́ gbọ́ kò tíì pé, àtúnṣe rẹ̀ kò sì le. Lórí kọ̀ǹpútà, láti Windows 7 ní 2009 ni olùlò ti lè yan fódà tó máa wà nínú àkójọ Music àti èyí tó máa jáde. Lórí Áńdíróìdì, fáìlì òfìfo kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ .nomedia, tí a bá fi sínú fódà, máa ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ áàpù orin fo fódà náà. Kò pa ohunkóhun rẹ́. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ohùn náà á padà wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ohùn sí fóònù fún bàbá tàbí ìyá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya fódà wáàsí sọ́tọ̀ kúrò lára ti orin, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè èyí tí wọ́n fẹ́ kí ó máa hàn.