Tẹlifíṣọ̀n Tó Pẹ́ Dé Johannesburg

Nígbà tí Neil Armstrong fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ òṣùpá ní oṣù Keje ọdún 1969, kò sí ẹni tó rí i lórí tẹlifíṣọ̀n nínú ilé rẹ̀ ní Troyeville. Àdúgbò àtijọ́ ni Troyeville, ní ìlà-oòrùn àárín gbùngbùn Johannesburg, ìlú tí wúrà kọ́. Iná mànàmáná wà níbẹ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n rédíò nìkan ni wọ́n ní. Ní Ìbàdàn, ó ku oṣù mẹ́ta kí tẹlifíṣọ̀n pé ọdún mẹ́wàá.

Ìṣèlú ló mú Ìbàdàn yára. Lọ́dún 1953, Gómìnà Macpherson bu ẹnu àtẹ́ lu Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí rédíò ìjọba, wọn kò sì gba Awólọ́wọ̀ láàyè láti fèsì níbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ní WNTV tirẹ̀. Wọ́n fi yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Morocco, tó ti rí tirẹ̀ lọ́dún 1954, lè jiyàn ọ̀rọ̀ náà.

Ìṣèlú kan náà ló mú Johannesburg lọ́ra. Albert Hertzog, mínísítà tó ń bójú tó iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ títí di ọdún 1968, kọ̀ jálẹ̀. Àpótí Sàtánì ni tẹlifíṣọ̀n lójú tirẹ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn alákòóso pé èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò bo Afrikaans mọ́lẹ̀, àti pé ènìyàn dúdú yóò máa rí ibi tí dúdú àti funfun ti jọ ń jókòó. Ọdún 1971 ni ìjọba tó gbà. Wọ́n dán an wò ní Johannesburg ní oṣù Karùn-ún ọdún 1975, gbogbo orílẹ̀-èdè sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 1976.

Àwọ̀ mèremère ló bá wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Amẹ́ríkà ti gbé ìlànà NTSC kalẹ̀ lọ́dún 1953, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa yí padà lójú ọ̀nà kó tó dé ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí aráàlú ti rà kò jẹ́ kí wọ́n lè jù ú nù. Àwọn ará Jámánì ló wá PAL jáde láti tún àléébù yẹn ṣe, òun sì ni South Africa mú. Ará iwájú ti jìn sí kòtò, ará ẹ̀yìn gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ìbàdàn tó fi dúdú-òun-funfun bẹ̀rẹ̀ ní láti pààrọ̀ ẹrù rẹ̀ kó tó lè ní àwọ̀. Nàìjíríà náà jẹ irú àǹfààní yìí lọ́dún 2001 nígbà tí GSM dé: ọ̀pọ̀ ẹni tó ra fóònù kò ní wáyà NITEL nílé rí, MTN tó sì tà á fún wọn, láti Johannesburg ló ti wá.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ tó dára kò sọ ọ̀rọ̀ di òtítọ́. Gẹ̀ẹ́sì àti Afrikaans nìkan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1982 ni èdè àwọn aláwọ̀ dúdú tó ní ìkànnì tirẹ̀. Ìjọba ló di ilé-iṣẹ́ náà mú. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1989, wọ́n yìnbọn pa David Webster, olùkọ́ Yunifásítì Witwatersrand tó ń jà fún àwọn tí ìjọba tì mọ́lé láìgbẹ́jọ́, níwájú ilé rẹ̀ ní Troyeville. Ọdún 1998 ni ilé-ẹjọ́ tó dá Ferdi Barnard lẹ́bi, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka abẹ́lẹ̀ kan nínú ẹgbẹ́ ológun.

Ṣáájú ìdájọ́ yẹn, láti ọdún 1996, Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà ti bẹ̀rẹ̀ ìjókòó. Tẹlifíṣọ̀n tí Hertzog sá fún gbé e wọ ilé, àwọn ará Troyeville sì lè jókòó nínú yàrá wọn kí wọ́n máa gbọ́ bí àwọn apànìyàn ṣe ń ka iṣẹ́ ọwọ́ wọn.