Ìwé Ẹ̀rí Agbẹ́gilére

Ní Owódé, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìdí-Ìrókò, a kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ tó ṣe fún ẹnìkan ni ẹlòmíràn yóò rí kí ó tó gbé tirẹ̀ wá. Nígbà tí ọmọṣẹ́ bá ń gba òmìnira, ojú ọ̀gá, òbí àti ẹgbẹ́ ni. Àwọn tó péjọ níbẹ̀ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà láàyè.

Agbẹ́gilére kan ládùúgbò wa, tí bàbá rẹ̀ náà gbẹ́gi títí ó fi kú, ló mú kí n ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń wá àyè láti lọ máa ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìmọ̀ọ́ṣe rẹ̀ tayọ, ó sì ní kí n bá òun kọ lẹ́tà ẹ̀rí. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1990 ló la ọ̀nà yìí. Ẹni tí kò bá tíì gba ẹ̀bùn ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá lórí mẹ́ta, ó kéré tán, nínú nǹkan mẹ́wàá: àmì-ẹ̀yẹ, ohun tí ìwé ìròyìn kọ nípa rẹ̀, àfihàn iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ẹlòmíràn tí wọ́n pè é láti ṣe ìdájọ́ lé lórí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Oríkì ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Mo kọ lẹ́tà náà, ó sì dùn mọ́ mi. Agbẹjọ́rò rẹ̀ dá a padà: ó ní mo yin ọkùnrin náà dáadáa, ṣùgbọ́n n kò sọ ohun tó ṣe, ọjọ́ tó ṣe é, àti ẹni tó ṣe é fún. Inú bí mi díẹ̀, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ń ki ènìyàn gbà pé olùgbọ́ ti mọ ẹni náà tẹ́lẹ̀.

Àwọn bàbá wa tó ṣe kúkù àti akọ̀wé fún òyìnbó nígbà ìjọba amúnisìn mọ ìyàtọ̀ yìí. Bí ọ̀gá wọn bá fẹ́ padà sílé, wọ́n á gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí de ọ̀gá mìíràn. Àwọn agbẹ́gilére kò rí irú rẹ̀ gbà. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pọ̀ ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun tí a kò kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ wọn sí i, àfi "Yorùbá" nìkan. Ìlú tí wọ́n ti wá mọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Ẹni tó rà wọ́n ni kò béèrè. Nígbà tí àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, àṣà náà ni wọ́n kéde. Duga ará Ìmẹ̀kọ ṣe oríire: William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, wò ó bí ó ti ń gbẹ́gi ní nǹkan bí ọdún 1950, àròkọ tó kọ sì jáde ní 1973, pẹ̀lú orúkọ Duga nínú àkọlé rẹ̀.

Èmi àti ọkùnrin yìí tú páálí rẹ̀ palẹ̀. Àwòrán kún inú rẹ̀, kò sí ọjọ́ lẹ́yìn ọ̀kankan. Púpọ̀ nínú àwọn ère náà ti gba ẹnubodè kọjá sí Kútọnú láìsí rìsíìtì. Ìwé àmì-ẹ̀yẹ tó gbà nílé-ìwé pè é ní ọmọ Ẹ̀gbádò. Àwọn ìwé tó kù pè é ní ọmọ Yewa. Mo ní láti ṣàlàyé pé ilẹ̀ kan náà ni, pé ní 1995 ni a pa orúkọ dà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi ń ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn, tí à ń bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó gbẹ́ ère ọwọ́ wọn àti ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Àwọn tí kò mọ̀wé tẹ ìka.

Ère mẹ́rin wà tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ gbẹ́. Ó ní ọwọ́ òun ló pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí ẹlòmíràn láàyè tó lè jẹ́rìí sí i. A yọ wọ́n kúrò.