Ìbejì, ìlàrí inú ẹ̀jẹ̀, àti ẹni tí a máa ń dá lẹ́bi

 

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ère ìbejì. Àwọn tí wọ́n gbẹ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú mùsíọ́ọ̀mù káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lónìí. Bí ẹ bá wò wọ́n dáadáa, ẹ ó rí i pé ọmọ kékeré ló sábà máa ń kú, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni wọ́n ń gbẹ́. Ti obìnrin ní ọmú, ti ọkùnrin náà ti gbó. Agbẹ́gilére fún ọmọ náà ní ara bàlágà tí kò dàgbà dé.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo la ń gẹ ìbejì. Láyé àtijọ́, èèwọ̀ ni níbòmíràn nílẹ̀ wa, wọ́n sì ń pa wọ́n. Ìtàn àwọn ará Oǹdó sọ pé Púpùpú, obìnrin tó kọ́kọ́ jọba lé wọn lórí, jẹ́ ọ̀kan nínú ìbejì tí olorì Aláàfin kan bí, tí wọ́n sì ní kí ìyá kó àwọn ọmọ kúrò nílùú. (Ọ̀yọ́-Ilé ni o, kì í ṣe Ọ̀yọ́ tí a ń gbé yìí.) Ẹ kíyè sí i: ìyá ló di ẹrù.

Ní 1969, Dókítà P. P. S. Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí Igbó-Ọrà, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí. Nínú 1,000 ìbímọ, bíi 45 ló jẹ́ ìbejì, nígbà tí ti Yúróòpù kò ju bíi 12 lọ. Àwọn ìbejì tó pín láti ara ẹyin kan ṣoṣo kò ju bíi 4 lọ, bó ṣe rí níbi gbogbo láyé. Inú ẹyin méjì ni àwọn yòókù ti wá. Ní 1973, ó sọ ohun tó rí nínú ẹ̀jẹ̀: họ́mọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní FSH pọ̀ lára àwọn ìyá ìbejì ju ti àwọn ìyá mìíràn lọ. Àwọn kan ní ọbẹ̀ ilasa ló fà á. Ọbẹ̀ ilasa dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tíì sí.

Kí wá ni họ́mọ̀nù? Ọmọ Ọ̀yọ́ mọ ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin. Họ́mọ̀nù ni ìlàrí inú ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ á ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ìyẹn á rán FSH àti ẹnìkejì rẹ̀, LH, lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dáadáa ni ọmọ ń bàlágà: obìnrin láàárín ọdún 8 sí 13, ọkùnrin láàárín ọdún 9 sí 14. Ọmọbìnrin tó yọ ọmú lọ́mọ ọdún 9 kò ṣe ìṣekúṣe kankan o.

Ìlàrí kan náà ló ń lọ lára ọkùnrin àti obìnrin. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ni kò jọra. Ti ọkùnrin ń lọ bákan náà lójoojúmọ́, àtọ̀ sì ń jáde láti inú kóró ẹpọ̀n láìdúró. Ti obìnrin ń pọ̀, ó ń dín, láàárín oṣù. FSH á jí ẹyin mélòó kan; èyí tó ṣáájú á ránṣẹ́ padà pé ó tó, FSH á dín, àwọn yòókù á rọ. Bí ẹyin náà bá ti gbó, iṣẹ́ tó ń rán á pọ̀ débi pé ààfin á yí ohùn padà, á tú LH jáde lójijì, ẹyin á sì bọ́. Irú ìyípadà yìí kò sí lára ọkùnrin. Bí FSH bá ga díẹ̀, ẹyin kejì kò ní rọ. Ìbejì dé nìyẹn.

FSH máa ń ga bí ẹyin ṣe ń tán lọ, ìdí nìyí tí ẹni tó lé ní ọdún 35 fi máa ń bí ìbejì ju ọmọge lọ. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dá pátápátá, ó tún ga sí i: ààfin ń pè, kò sí ẹni tó ń dáhùn. Ti àwọn bàbá kì í dá lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dín.

Ibi tó ń dùn mí rèé. Bí ọmọ kò bá tètè dé, ìyàwó la máa ń fà kiri, bẹ́ẹ̀ àtọ̀ ọkùnrin nílò ìlàrí kan náà kó tó dára. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa kan ń gba abẹ́rẹ́ testosterone kí ara wọn lè yọ igan. Bí ó bá ti wọlé, ààfin á rò pé ó ti tó, kò ní rán ìlàrí mọ́, àtọ̀ sì lè ṣófo. Bí wọ́n bá jáwọ́, ó sábà máa ń padà, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù.

Ìwòsàn òyìnbó ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1907 tí Dókítà George Green ti dé. Àyẹ̀wò àtọ̀ rọrùn púpọ̀ ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe fún obìnrin lọ, kò sì ní abẹ́ nínú. Kí ẹ tó mú ìyàwó ọmọ yín lọ sí ibi kẹta, ẹ bi ọmọkùnrin yín bóyá ó ti ṣe é.